Òkun tí Kò Ní Aró

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Otia fẹ́ tẹ́ mi lálẹ́ òní.
Ó jókòó sórí tábìlì tí mo fi ń ránṣọ tẹ́lẹ̀,
ó ń ṣẹ́jú pupa sí mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Ó ní yíǹkì ti tán.
Irọ́ ni.
Èmi tí mo fi síríńjì rọ ọ́ yó bámúbámú,
tí aró ṣì kún èékánná mi dé ọrùn ọwọ́,
èmi ló ń sọ fún pé ebi ń pa òun.

Tsotne wà lórí àpótí igi ìdáná,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń wo aago.
Máàpù ni tíṣà ní kí wọ́n mú wá lọ́la,
ilẹ̀ Jọ́jíà àti òkun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aláràbarà.
Yìnyín ti bo afárá Rioni. Gocha ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Bó tiẹ̀ ṣí i náà, kátíríìjì tuntun kan ṣoṣo
wọ́n ju odindi ẹ̀rọ tí Otia rà ní àlòkù lọ.
Ta ní í ra gàárì tó wọ́n ju ẹṣin?

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ mi.
Ọ̀rọ̀ Otia kò pọ̀ lẹ́nu, kò pọ̀ nínú ìwé:
Bó bá ní ó ti tán, má gbà á gbọ́.
Tẹ bọ́tìnì onígun mẹ́ta mọ́lẹ̀, ka ení dé ẹ̀wá.
Bí àwọ̀ kan bá kọ̀ tí kò jáde, wo ihò èémí rẹ̀.
Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, aṣọ tó mọ́.
Má ṣe gbọ̀n ọ́n.
Lamara, má ṣe gbọ̀n ọ́n.

Orúkọ mi rèé.
Ó ti mọ̀ nígbà náà pé èmi ni n óò kà á.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin...
Ojú pupa pa dé. Ẹ̀rọ gbà pé òun yó.
Ó gbé ìwé mì, ó kùn, ó wúkọ́,
ó pọ máàpù jáde díẹ̀díẹ̀:
òkè pupa bí òsùn, pápá rúsúrúsú,
orúkọ ìlú dúdú kedere,
òkun funfun báláú.
"Bebia," Tsotne ní, "ta ló gbọ́n omi ibí yìí gbẹ?"

Mo yọ kátíríìjì aró, mo gbé e sábẹ́ iná.
Àṣé èmi ni.
Téèpù tí mo fi lẹ ojú ibi tí mo gbà rọ ọ́
ti bo ihò èémí mọ́ ọn.
Ohun tí kò rí afẹ́fẹ́ fà sínú,
kí ni yóò rí tú síta?
Ogójì ọdún ni mo fi abẹ́rẹ́ jẹun;
mo mú èyí tó tín-ín-rín jù, mo ṣí etí téèpù náà.
Ó mí. Mo gbọ́ ọ, fìn-ín.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kátíríìjì kò gbọ̀n.

Mo rẹ hańkáṣíìfù Otia sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́,
mo fi ẹnu kátíríìjì tẹ̀ ẹ́.
Ó kọ́kọ́ gbẹ. Lẹ́yìn náà, àbàwọ́n kan bí ojú ẹja,
lẹ́yìn náà, aró, aró, aró.
Tsotne ní òórùn yíǹkì pọ̀, ó lọ ṣí fèrèsé
tí a kò tíì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú.
Òtútù wọlé. N kò ní kó tì í.

Òkun jáde lẹ́ẹ̀kejì.
Ìlà funfun mẹ́ta ṣì là á kọjá;
mo ní kí a tún un ṣe, ọmọ ní rárá, ìgbì nìyẹn.
Ó tún bojú wò ó.
"Ṣebí Òkun Dúdú là ń pè é?
Kí ló dé tí a fi ń wá aró kiri?"
Otia ì bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rọ tún ṣẹ́jú pupa, ó ní ó ti tán.
Mo ní mo ti gbọ́.
Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, kò lọ.